Onílé Ni Ò Ní Gbà Fún Àgbàrá

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò tí a ṣe kí òjò tó dé. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá, àti nítorí àwọn tó wá ṣùgbọ́n tí ariwo kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dópin.

A mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni, àwọn míì fi ọmọdé sílẹ̀ nídìí àtẹ kí wọ́n tó lè wá, nítorí náà a ò ní kí yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ àgbàrá la fẹ́ sọ. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí yóò dun àwọn kan, tí yóò sì ti àwa ìgbìmọ̀ fúnra wa lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹnikẹ́ni tó dìde.

Ẹ rántí òru ọjọ́ yẹn lọ́dún tó kọjá. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọdẹ ọjà rí omi náà nígbà tó ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí fóònù rẹ̀, ẹni yẹn sì ti pa fóònù tirẹ̀ kó tó sùn. Nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ dé máa fi ṣílẹ̀kùn, omi ti wọ ìlà ẹlẹ́lùbọ́, ó ti kọjá dé ọ̀dọ̀ oníyẹ̀fun àti oníṣúgà, ó sì fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláṣọ tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, opó ni, ọjọ́ kejì ṣáájú òjò yẹn ló já àpò èlùbọ́ mẹ́rìnlá. Owó alájẹṣẹ́kù ló fi rà á. Àpò mẹ́ta péré ló rí kó. Owó yẹn, ó ṣì ń san án títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ó jókòó láàárín wa.

Ẹ sì rántí ohun tó tẹ̀lé e. Ìjà. Ẹlẹ́lùbọ́ ní àwọn aláta ló ń da ata tó ti jẹrà sínú gọ́tà. Aláta ní àwọn olóúnjẹ ló ń da ọ̀rá. Olóúnjẹ ní àwọn tó kọ́lé sí òkè ló ń kó pàǹtí sójú omi bí òjò bá ti ṣú. Gbogbo wa la mọ ẹni tó jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tí orúkọ tirẹ̀ wọ ìwé.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí omi ti fà, àwa ìgbìmọ̀ mẹ́fà wọ bàtà òjò, a tẹ̀lé gọ́tà náà láti òkè ọjà títí dé ibi tó ti wọ odò. Ohun tí a rí rèé. Gọ́tà náà kò dí lókè. Kò dí nísàlẹ̀. Àárín ló ti dí, níbi tí ìsọ̀ mọ́kànlá wà lórí rẹ̀, tí wọ́n da kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè ti ọkọ́ bọ ibẹ̀. Gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí tèwe-tàgbà ń jù nínú ọjà yìí, abẹ́ ìsọ̀ mọ́kànlá yẹn ló ń lọ sùn. Ọ̀rọ̀ ata jíjẹrà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀rá wà níbẹ̀, ti ilé òkè náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú omi bá là, ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni omi ì bá gbé kọjá.

Ta ló wá fún àwọn onísọ̀ mọ́kànlá yìí láyè? Àwa ni. Ẹgbẹ́ ló gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, rìsíìtì ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, a sì ń gba owó oṣooṣù wọn di oṣù tó kọjá. Àwọn tó ṣáájú wa lórí àga yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a bá a níbẹ̀, a sì jẹ nínú ẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ọjà, a sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó pàdánù àpò èlùbọ́ mọ́kànlá.

Àwọn kan á sọ pé òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kí ló wá dé tí a fi ń pariwo? Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò omíyalé. Àwọn ìyá wa tí ọjọ́ orí wọn ti lọ mọ Ògùnpa. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Àìkú, nígbà Gómìnà Bọ́lá Ìgè, odò Ògùnpa kún kọjá etí rẹ̀, ẹ̀mí tó lé ní 200 ló bá a lọ. Àwọn tó bí lẹ́yìn ìgbà yẹn náà ti ní tiwọn: ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọjọ́ Jímọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, òjò tó rọ̀ tó mìlímítà 187.5. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ gbalasa láì ṣàn lọ, yóò ga tó ọwọ́ ẹni láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. Ẹ wá rò ó wò, kí gbogbo omi orí òkè Ìbàdàn kó jọ sínú kòtò kan náà. Ẹ̀mí tó lé ní 100 ló lọ, afárá wó, ilé wó. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí oṣù tí méjèèjì bọ́ sí. Ìparí oṣù kẹjọ ni, àsìkò tí àwa ọlọ́jà máa ń sọ pé òjò ti sinmi díẹ̀, tí a ó sì já ọjà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tó yí padà ni pé ayé ń gbóná sí i. Èéfín epo rọ̀bì, ti èédú àti ti gáàsì tí wọ́n ti ń jó fún ọjọ́ pípẹ́ ló bo ayé bí ìgbà tí ènìyàn bá fi aṣọ nínípọn bo ọmọ nínú oòrùn. Èyí tó ti Áfíríkà jáde nínú èéfín ọdọọdún kò ju bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n àgbàrá kì í béèrè ẹni tó dáná. Ọdún 2024 ló gbóná jù lọ nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi irinṣẹ́ wọn ooru ayé. Afẹ́fẹ́ tó gbóná sì máa ń gba omi mọ́ra ju èyí tó tutù lọ. Bí ooru bá fi digírì kan lé, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé á fi bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ká sọ ọ́ bí ọlọ́jà: ẹni tó ń ru ọgọ́rùn-ún kọ́ńgò tẹ́lẹ̀ ti ń ru mẹ́tàdínláàádọ́fà báyìí, nígbà tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí òjò fi lè pẹ́ kó tó dé, tí àgbẹ̀ á gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá rọ oṣù kan lóru ọjọ́ kan.

Kì í sì í ṣe inú ọjà wa nìkan ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí mọ. Lọ́dún 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 lórílẹ̀-èdè yìí, ó lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé, ó sì gbé oko lọ. Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ọjà tí àwọn oníṣòwò láti ìhà tiwa ti ń pàdé àgbẹ̀ Òkè Ọya, omi wọ ibẹ̀ ní òru mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ó ju igba ènìyàn tó kú. Ẹni tó ń ta oúnjẹ nínú wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe ń dé ìdí àtẹ rẹ̀.

Àwọn kan tún ní iṣẹ́ ìjọba ni. Apá kan jẹ́ tiwọn lóòótọ́, a ò sì ní yé lọ bá wọn. Lẹ́yìn ti 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́dún 2014 fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n la ojú odò. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa ti òkè òkun wá bá wa yọ ìsọ̀ tí àwa fúnra wa gbé lé orí gọ́tà. Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé ọjà yìí, àwa ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó le.

A fẹ́ yọ ìsọ̀ mọ́kànlá náà kúrò. A ò ní lé àwọn tó ni ín. A ti bá wọn jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn tó ń ta òkìrìkà sọ fún wa lójú ara wa pé, "Ẹ gba owó wa, ẹ fún wa ní rìsíìtì, omi wá dé tán, ẹ ní kí á lọ. Ṣé àwa la pe òjò?" A ò rí èsì fún un. Òótọ́ ló sọ. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti gbà báyìí, méjì ò tíì gbà. Ibi tí a fẹ́ gbé wọn sí ni etí ọjà, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù tẹ́lẹ̀, àmọ́ àyè ibẹ̀ kò gba ju ìsọ̀ mẹ́fà lọ. Ìsọ̀ márùn-ún ló kù. Ìyẹn ni a fi ń bẹ ìlà aláṣọ, ìlà oníke àti ìlà ẹlẹ́ja, pé kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sún wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

A gbọ́ ariwo yín. Ẹsẹ̀ bàtà kan lójú ìsọ̀, owó ni. Ibẹ̀ lẹ ń tẹ́ ọjà tí oníbàárà á kọ́kọ́ rí sí, ibẹ̀ ni ọmọ ń sùn sí lọ́sàn-án. Àwa náà ní ìsọ̀, a mọ̀ ọ́n. Mẹ́ta nínú àwa ìgbìmọ̀ wà nínú ìlà tó máa sún, tiwọn ni káfíńtà máa kọ́kọ́ gé, kí ẹ fi ojú yín rí i. Ẹgbẹ́ ló máa san owó káfíńtà fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, àwọn mọ́kànlá náà kò sì ní san owó oṣooṣù fún ọdún kan gbáko. Èyí á dín owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ kù. Aṣọ ẹgbẹ́ tí a fẹ́ rà lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.

Nísisìyí, àwọn ará òkè. Lẹ́yìn ìjà ọdún tó kọjá, a ò bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò òkè sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní pàǹtí ọjà ló ń rùn sí àwọn, àwa ní pàǹtí ilé wọn ló ń dí wa. Ìyálọ́jà ló ní kí a gbé obì lọ bá wọn. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, àṣé àwọn náà ti sọ ilé méjì nù nítorí pé omi tí kò ráyè kọjá nínú ọjà wa ń padà lọ bá wọn! Àwa là ń sé omi mọ́ wọn, àwọn ló ń da pàǹtí lé wa. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí. Àwọn bàbá wa ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá bá ọ ro oko lónìí, wàá bá a ro tirẹ̀ lọ́la, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá koríko oko tẹni yẹn pọ̀ ju tòun lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹnu kò sí i pé a ó jọ kó gọ́tà náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí òjò yóò fi parí. Wọ́n ti bá wa wá onítípà tó máa kó ẹrẹ̀ náà lọ lọ́jọ́ kan náà. A ò ní kó o sẹ́bàá gọ́tà mọ́ bí a ti máa ń ṣe, tí òjò àkọ́kọ́ á tún gbé gbogbo rẹ̀ padà sínú.

Ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọdọọdún ni àjọ NiMet ń sọ bí òjò yóò ṣe rí, wọ́n ń sọ ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó lè dáwọ́ dúró. Àjọ tó ń rí sí omi odò náà ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omíyalé lè dé. Rédíò ń kà á. Ta ni nínú wa ló ń gbọ́ ọ? Akọ̀wé wa ni yóò máa gbọ́ ọ láti ìsisìyí lọ, yóò kọ ọ́ sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ṣùgbọ́n pátákó kì í jí ènìyàn lóru. Lórílẹ̀-èdè Bangladesh, ìjì omi kan pa ènìyàn tí kò dín ní 300,000 lọ́dún 1970. Láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará àdúgbò, tí wọ́n ń fún wọn ní rédíò, àsíá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wọ́n lè máa ti ilé dé ilé ṣe ìkìlọ̀. Lóde òní, ìdajì wọn obìnrin ni. Wọ́n tún kọ́ ilé tí ènìyàn lè sá sí. Nígbà tí ìjì ńlá mìíràn jà wọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ti kúrò lọ́nà, àwọn tó kú kò sì pé àádọ́ta.

Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Olórí ìlà kọ̀ọ̀kan àti igbákejì rẹ̀ yóò fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ọdẹ. Ọdẹ á pe àwọn àti onílé kan lókè tó gbà láti máa wo odò. Olórí ìlà á pe àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ọjà jù lọ́wọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni yóò ní kọ́kọ́rọ́ kejì. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí á fa wàhálà, ẹ lọ sọ ọ́ láàárín ìlà yín, ẹ yan ẹni tí ọkàn yín balẹ̀ sí. Láti oṣù kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àpò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ tò ó sórí pákó tàbí búlọ́ọ̀kù, kó ga tó orókún. Odò kì í kún bo ẹja lójú, àmọ́ èlùbọ́ kì í ṣe ẹja.

Ó ku owó. Ẹ̀yin kan ti ń rẹ́rìn-ín. A mọ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín: owó mọ́tò ẹgbẹ́ tí gbogbo wa dá nígbà kan, tí a ò rí mọ́tò, tí a ò rí owó. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín. Nítorí náà la ṣe fẹ́ kí òfin owó yìí yàtọ̀.

Àwọn obìnrin kan wà ní Íńdíà tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní SEWA. Ìyá kan tó ń jẹ́ Ela Bhatt ló ṣáájú wọn dá a sílẹ̀ ní ìlú Ahmedabad lọ́dún 1972. Àwọn aláàárù àti àwọn tó ń ta òkìrìkà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn bíi tiwa. Ní tiwọn, ooru ló ń bá wọn jà, ó ń ba ọjà jẹ́, ó ń lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́. Wọ́n wá ṣètò pẹ̀lú àwọn oníṣúráǹsì pé bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n kan tí gbogbo wọn jọ fẹnu kò sí, kí owó wọlé fún wọn. Kò sí pé ẹnìkan ń wá ka ohun tó bàjẹ́, kò sí ẹjọ́. Lọ́dún 2024, obìnrin tó lé ní 40,000 ló gba owó bẹ́ẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dé lásìkò tí wọ́n nílò rẹ̀.

A ò lówó oníṣúráǹsì, ọgbọ́n ibẹ̀ la fẹ́ yá lò. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá ₦200 lọ́sẹ̀ láti oṣù yìí. Inú báńkì ni yóò wà, ẹni mẹ́ta ló máa fọwọ́ sí i kó tó jáde: ẹlẹ́lùbọ́ kan, aláta kan, aláṣọ kan, kò sì ní sí ọmọ ìgbìmọ̀ nínú wọn. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà ìwé báńkì á wà lára pátákó. A ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára òpó àgọ́ ọdẹ, ní ìwọ̀n ibi tí omi máa dé kó tó wọ ìsọ̀ tó wà nísàlẹ̀ jù lọ. Ọjọ́ tí omi bá kan ìlà pupa yẹn, ọjọ́ náà ni owó á jáde, iye kan náà fún gbogbo ìsọ̀ tó wà ní ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀. Ìyá tó sọ àpò mọ́kànlá nù kò ní máa bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì ní máa to ẹrẹ̀ rẹ̀ fún wa kà. Bí ọdún bá parí tí omi ò kan ọ̀dà, owó náà á dúró síbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. A ò ní pín in fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Àwọn ìlà òkè á sọ pé omi kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn. Kì í dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ibi tiyín ló ti ń gba kọjá wá sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ àkọ́kọ́ ni Sátidé tó ń bọ̀. Àwa ọlọ́jà á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní aago méje àárọ̀, àwọn onílé á bẹ̀rẹ̀ lókè ní aago mẹ́jọ, nítorí bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí tòkè, orí wa ni ẹrẹ̀ wọn á wá dà sí. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan mú ṣọ́bìrì méjì àti ọkọ́ méjì wá. Ẹ wọ bàtà tó le, ìgò fífọ́ pọ̀ nínú gọ́tà yẹn. Kò sí títà, kò sí rírà títí di aago mọ́kànlá. Àwọn olórí ìlà tí wọn ò tíì fi nọ́ńbà sílẹ̀, akọ̀wé ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ kàn, títí kan ẹ̀yin méjì tí ẹ kò tíì gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ìyálọ́jà fẹ́ rí yín lábẹ́ igi ọ̀dán. Ẹ mú rìsíìtì yín dání.